Bí Mo Ṣe Lọ Wọn Eruku ní Enugu

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin tí ẹ ń dá mi dúró lójú ọ̀nà láti ìgbà tí mo ti dé, tí ẹ ń bi mí pé, "Títí, báwo ni ìlú àwọn Ìgbò ti rí?", ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí n lè sinmi. Mo lọ, mo bọ̀, orí mi pé, ẹsẹ̀ mi pé. Ṣùgbọ́n ẹnu tí mo yà níbẹ̀, n kò tíì rí i pa dé dáadáa.

Iṣẹ́ ló gbé mi lọ. Ẹ mọ̀ pé ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Ìbàdàn níbí ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ nípa ilẹ̀ àti ojú ọjọ́. Àwọn onímọ̀ kan ní òkè òkun ló kó orílẹ̀-èdè bíi mélòó kan jọ, wọ́n ní àwọn fẹ́ mọ èyí tó ń tọ́jú àyíká rẹ̀ jù nínú wọn. Bí ìdánwò ilé ìwé ni: ẹni kìíní yóò wà, ẹni ìkẹyìn náà yóò sì wà. Kí ẹnikẹ́ni má baà rẹ́ ẹnì kejì jẹ, ohun kan náà ni wọ́n fún gbogbo wa láti fi wọ̀n ọ́n. Abọ́ gíláàsì ẹlẹ́nu gbòòrò ni. A ó bu omi mímọ́ díẹ̀ sí i, a ó gbé e sí gbangba fún oṣù kan, ohunkóhun tó bá já bọ́ sínú rẹ̀ láti òkè, a ó jẹ́ kí omi rẹ̀ gbẹ, a ó sì gbé ìyókù sórí ìwọ̀n. Ìlú kan ni orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan mú, ìlú tí wọ́n ti ń wa nǹkan nínú ilẹ̀. India mú ìlú èédú, Zambia mú ìlú bàbà, Ghana mú ìlú góòlù. Tiwa ni Enugu, nítorí èédú rẹ̀.

Kò sí ẹni tó fẹ́ lọ. Ìyàwó ẹnì kan ń retí ọmọ, ẹ̀gbọ́n ẹlòmíràn lá àlá burúkú. Ọ̀gá wa wo gbogbo yàrá yípo, ojú rẹ̀ bá bà lé èmi tí n kò tíì lọ́kọ tí n kò tíì bímọ. "Títí, ìwọ lo máa lọ." Bí wọ́n ṣe ń yan ènìyàn síṣẹ́ ní ilẹ̀ wa nìyẹn. Mo di ẹrù mi pẹ̀lú ìbínú, mo to àwọn abọ́ sáàárín aṣọ kí wọ́n má baà fọ́, mo sì kọrí sí ìlà oòrùn.

*Odò Ọya*

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì kò gùn lẹ́nu mi: ó gbé wa, ó gbọ̀n wá jìgìjìgì, ó sì já wa sílẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ni ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí afárá Odò Ọya. Láti Ìbàdàn títí dé ibẹ̀, Yorùbá àti òyìnbó àdàlù ni gbogbo wa ń sọ. Ọkùnrin tó jókòó tì mí ń pè mí ní "àǹtí mi", ó ń fi Yorùbá tó já gaara bá mi ṣe yẹ̀yẹ́. Bí táyà ọkọ̀ ṣe kan afárá báyìí, ó dà bí ìgbà tí wọ́n yí rédíò sí ibòmíràn. Ìgbò gba gbogbo inú ọkọ̀. Àwọn tó ti ń sùn láti Ọ̀rẹ̀ jí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń nawọ́ sí omi. Ọkùnrin tèmi náà gbàgbé àǹtí rẹ̀, ó ń bá ẹni tó wà níwájú sọ̀rọ̀, n kò sì gbọ́ ẹyọ kan níbẹ̀. N kò kúrò ní Nàìjíríà, mo sì ti di àjèjì. Ó bà mí lẹ́rù, n kò ní purọ́.

Nígbà tó yá, a dé ibi kan tí wọ́n ń pè ní Ninth Mile, ní ẹ̀gbẹ́ Ngwo lórí òkè, àwọn obìnrin sì ya bo fèrèsé ọkọ̀ pẹ̀lú bàsíà lórí. "Okpa! Okpa di oku!" Wọ́n ní gbígbóná ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo tú ewé rẹ̀, mo rí ohun pípọ́n kan tó jọ ọ̀lẹ̀lẹ̀. Mo bù ú sẹ́nu. Ẹ gbọ́, kì í ṣe ọ̀lẹ̀lẹ̀ o! Ọ̀lẹ̀lẹ̀ a máa rọra wọlé bí àlejò, ṣùgbọ́n okpa wọ ikùn mi bí ẹni tó ra ilé náà. N kò tún wo oúnjẹ lójú títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì.

Láti ibẹ̀ ni ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, ó ń lọ́, ó ń wọ́, òkè ní apá kan, ọ̀gbun ní apá kejì. Mo di ìjókòó iwájú mi mú. Mo yọjú wo ìsàlẹ̀, mo rí Enugu nísàlẹ̀ bí ọbẹ̀ nísàlẹ̀ ìkòkò, mo sì rí ohun kan tó bò ó lórí bí ìdérí. Kì í ṣe ìkùukùu. Kò funfun, kò pupa, kò sì dúdú tán. Ọyẹ́ ló dé nígbà náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n èmi ti rí ọyẹ́ rí. Mo sọ nínú ara mi pé àwọn abọ́ mi yóò rí iṣẹ́ ṣe ní ìlú yìí.

Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, mo fẹ́ béèrè ọ̀nà Uwani lọ́wọ́ ìyá àgbà kan tó ń ta ẹ̀pà. Ẹ mọ̀ bí wọ́n ṣe tọ́ wa. Mo kúnlẹ̀. Ìyá náà wo ilẹ̀, òun náà bẹ̀rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ tú iyanrìn. "Wetin fall?" Ó rò pé nǹkan ló bọ́ sọnù lọ́wọ́ mi. Ẹni méjì mìíràn dúró, wọ́n ń bá wa wá a. Ojú tì mí débi pé mo sọ pé a ti rí i, mo dìde, mo gbọn eruku orúnkún mi, mo sì lọ.

*Obì*

Ilé tí mo dé sí, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ní Uwani. Bàbá Ṣadé àti ìyàwó rẹ̀ ló wà lókè, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn méjèèjì. Akọ̀wé ni Bàbá ní ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin kó tó fẹ̀yìn tì. Ìgbà èwe rẹ̀ ló ti dé Enugu, ó kúrò nígbà ogun, ó sì padà. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti tú ká, tí wọ́n bá dé fún ọdún Kérésì, òyìnbó ni wọ́n fi ń bá ara wọn jà. Mama Ngozi ló wà nísàlẹ̀, opó ni, ọmọ Enugu pọ́ńbélé. Ó gbé Ìbàdàn nígbà tó wà lọ́mọge, ó sì gbọ́ Yorùbá. Òun àti Màmá Ṣadé kì í jẹun kí èkejì má tọ́ ọ wò.

Kò pẹ́ tí mo jókòó ni Mama Ngozi gbé obì wá nínú àwo, pẹ̀lú ẹ̀pà lílọ̀ tí wọ́n fi ata sí. Mo dúpẹ́, mo mú obì, mo sì là á.

"Chineke!" Mama Ngozi di orí mú.

Màmá Ṣadé bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Bàbá rọra gba obì lọ́wọ́ mi. "Ọmọ mi, obìnrin kì í la obì níbí. Wọn kì í sì í kàn là á bẹ́ẹ̀, wọ́n ń gbàdúrà lé e lórí ni. Obì ò sì gbọ́ Yorùbá." Ó gbé e sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà ní Ìgbò. Ẹ ò rí i pé ó yani lẹ́nu! Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ilà lójú rẹ̀ kedere, Ìgbò ń dà lẹ́nu rẹ̀ bí omi, Mama Ngozi sì ń ṣe àmín ní ẹsẹẹsẹ.

Kò parí àdúrà náà. Ikọ́ ló gbà á. Kì í ṣe irú ikọ́ tí a ń wú kí ọ̀fun lè mọ́. Ó tẹ̀ síwájú, ó di apá àga mú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, ó pẹ́ kó tó rọlẹ̀. Mama Ngozi ló mú obì tó bọ́ sílẹ̀.

Lẹ́yìn oúnjẹ ni mo gbọ́ ìdí ọ̀rọ̀. Dókítà ti sọ fún Bàbá pé tó bá jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ibi tó ń gbé ló ń bá àyà rẹ̀ jà, kí ó tètè kó kúrò. Ilé rẹ̀ wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, àkọ́bí rẹ̀ sì ti ṣetán láti fi ọkọ̀ ẹrù wá kó wọn. Màmá ló yarí. Gbogbo ayé rẹ̀ ló wà ní Enugu, ìjọ rẹ̀, òwò rẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Ta ni mo mọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ mọ́?" ló ń sọ. "Àwọn tí a jọ dàgbà ti kú. Afẹ́fẹ́ kọ́, ọjọ́ orí ni."

Bàbá wo àwọn abọ́ mi tí mo tò sórí tábìlì. "Títí, mo ti gbọ́ iṣẹ́ tó gbé ẹ wá. Èmi àti ìyàwó mi ti fi àríyànjiyàn yìí lo ọdún tó kọjá. Ohun tí abọ́ rẹ bá sọ ni n ó ṣe."

Mo fẹ́ sọ pé iṣẹ́ orílẹ̀-èdè ni mo wá ṣe, n kì í ṣe dókítà. Ojú tó fi wò mí kò jẹ́ kí n lè sọ ọ́.

*Lẹ́yìn ìsìn*

N kò gbọ́ Ìgbò, nítorí náà, àwọn Yorùbá ni mo gbẹ́kẹ̀ lé. Ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn ní ìjọ àwọn Yorùbá tí Màmá ń lọ, Bàbá ní kí àwọn ènìyàn wa dúró díẹ̀, mo sì ṣàlàyé iṣẹ́ mi fún wọn. Mo rò pé wọ́n máa sùn. Wọn ò sùn. Nígbà tí mo dé ibi tí mo ti dárúkọ àwọn orílẹ̀-èdè tí a jọ wà nínú ìdánwò, ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Ghana kẹ̀?"

"Ghana wà níbẹ̀, sà."

"Kí Ghana wá fi ìmọ́tótó na àwa?"

Ó di ariwo. Wọ́n ní kò lè ṣẹlẹ̀. Àwọn tó fẹ́ gba abọ́ pọ̀ ju abọ́ lọ. Inú mi dùn, òmùgọ̀ èmi! Mo fún Màmá Ṣadé ní ọ̀kan, ìyàwó ẹnjiníà kan ní Trans-Ekulu gba ọ̀kan, agùnbánirọ̀ kan tó ń kọ́ni ní Ngwo gba ọ̀kan. Mo kìlọ̀ fún wọn dáadáa. Wọn ò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ju nǹkan sínú rẹ̀, tí omi rẹ̀ bá fẹ́ gbẹ, kí wọ́n fi díẹ̀ kún un. Mo rò pé mo ti sọ gbogbo ohun tó yẹ kí ènìyàn sọ.

Nígbà tí a délé, tí mo gbé ti Màmá sórí kọnkéré tó yọ síta lẹ́yìn ilé lókè, níbi tó ń sá aṣọ sí, Mama Ngozi dúró nísàlẹ̀, ó fọwọ́ lé ìbàdí.

"Títí, tèmi dà? Àbí tèmi kì í ṣe afẹ́fẹ́?"

Ó ku ẹyọ kan lọ́wọ́ mi, èyí tí mo fi pamọ́ tí ọ̀kan bá fọ́. Mo gbé e fún un sórí ògiri ọgbà, ìwọ̀nba ẹsẹ̀ díẹ̀ sí ti Màmá. Mo sọ ohun kan náà fún un. Ó ní òun ti gbọ́.

*Oṣù ọyẹ́*

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di ará Enugu fún ìgbà díẹ̀. Oúnjẹ wọn kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n ń jẹ gbágùúdá tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi epo pò ní tútù, ó sì dùn. Wọ́n ń fọ ewúro títí kò fi ní korò mọ́ rárá. Mo bi Mama Ngozi pé kí wá ni èrè ewúro tí kò korò, ó ní, "Ẹ̀yin tí ẹ ń fi epo wẹ ọbẹ̀, ẹ̀yin náà ń sọ̀rọ̀ oúnjẹ?" Orúkọ tí wọ́n ń pè wá níbẹ̀ nìyẹn, ọlọ́bẹ̀ elépo, wọ́n sì ń pè é níṣojú ẹni.

Ìwà wọn náà rí bẹ́ẹ̀. Tí inú bá ń bí wọn, wàá mọ̀. Tí o bá sanra, wọn á sọ fún ẹ ní ọjà. Obìnrin kan tí n kò rí rí di apá mi mú ní ọjà Ogbete, ó ní aṣọ tí mo fẹ́ rà kò yẹ mí, kí n fi sílẹ̀. Òun kọ́ ló ń tà á o! Mo bínú títí mo fi délé, mo dúró níwájú dígí, mo sì rí i pé òótọ́ ló sọ.

Ṣùgbọ́n ohun tó ń dẹ́rù bà mí jù lọ wà nínú imú mi. Tí mo bá fi aṣọ funfun nu imú láàárọ̀, aṣọ náà á jáde bí ti alágbẹ̀dẹ. Àwọn ilé búrẹ́dì ń dáná èédú. Àwọn ènìyàn ń sun ìdọ̀tí lẹ́yìn ilé. Ọkọ̀ ń gbé eruku pupa ìlú náà dìde, ọyẹ́ sì ń mú tirẹ̀ wá láti òkè ọya. Tí a bá sá aṣọ funfun, a ó ká a wọlé pẹ̀lú àwọ̀ mìíràn. Láàárọ̀, kí àkùkọ tó tán lẹ́nu, ikọ́ Bàbá ni mo fi ń jí.

Nígbà tí oṣù pé, mo gòkè lọ gbé abọ́ Màmá Ṣadé. Mo wò ó. Mo yí i sí oòrùn, mo tún wò ó. Omi inú rẹ̀ mọ́ gaara, mo rí ìka mi ní òdì kejì. Mo gbé e lọ sí ibi tí mo ti ń gba ìwọ̀n lò, mo jẹ́ kó gbẹ, ìwọ̀n ò mira. Mo lọ sí Trans-Ekulu, ti ìyàwó ẹnjiníà mọ́. Mo gun òkè lọ sí Ngwo, ti agùnbánirọ̀ mọ́. Ara mi bù máṣọ. Ìlú tí mo ti ń nu imú dúdú láràárọ̀, abọ́ ń sọ pé kò sí irú rẹ̀ láyé. Kì í ṣe Ghana nìkan la máa nà, a máa na gbogbo wọn. Mo wẹ imú mi, mo bi ara mi bóyá ojú mi ló ń ṣe mí.

Mo sọ fún Bàbá. Kí ni mo tún lè ṣe? Ó ti ní ohun tí abọ́ bá sọ ni òun ó ṣe. Màmá jó yí pálọ̀ ká. "Mo wí bẹ́ẹ̀! Mo wí bẹ́ẹ̀! Ọjọ́ orí ni!" Bàbá rọra mi orí. Ọkùnrin tó bá ti fi ẹnu sọ̀rọ̀ kì í yẹ̀ ẹ́. Ó ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ pé kí ó má wulẹ̀ mú ọkọ̀ wá mọ́.

*Abọ́ Mama Ngozi*

Ọjọ́ kejì ni Mama Ngozi pè mí láti ìsàlẹ̀. "Títí, biko, jọ̀wọ́, ṣé o ò ní gbé tèmi ni? Àbí torí pé èmi ò lọ sí ìsìn yín?"

Mo ti gbàgbé rẹ̀ pátápátá. Èmi àti Màmá Ṣadé jọ sọ̀ kalẹ̀, Mama Ngozi gun àpótí, ó gbé abọ́ náà fún mi, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jù ú sílẹ̀. Dúdú! Ẹrẹ̀ dúdú ló sùn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, epo tínrín kan léfòó lójú omi, bí mo ṣe mì í, ó gbé ara sọ bí omi àgbo. Ilé kan náà. Afẹ́fẹ́ kan náà. Mo gbójú sókè wo kọnkéré Màmá, mo wo ògiri Mama Ngozi, ẹsẹ̀ díẹ̀ ló wà láàárín wọn.

Màmá Ṣadé na ọrùn wo inú abọ́ náà, ó sì fi àánú wo ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Háà, Mama Ngozi! Ṣé o kì í fọ tìẹ ni?"

Mo yíjú sí i. "Fọ kí ni, Màmá?"

"Fọ abọ́ náà. Èmi, kí n tó gbàdúrà òwúrọ̀ ni mo ti ń fọ tèmi, ọṣẹ dúdú àti kànrìnkàn ni mo fi ń fọ̀ ọ́, n ó wá bu omi tuntun sí i."

"Láràárọ̀?"

"Kí n fi abọ́ àlejò sílẹ̀ nínú ìdọ̀tí? Títí, kí lo rò mí sí? Nígbà tí a wà lọ́mọdé, tí wolé-wolé bá ń bọ̀ wá wo ìkòkò omi wa, ṣé tanwíjí ni wọ́n ń bá níbẹ̀? Ìyá mi ti fọ̀ ọ́ kí wọ́n tó dé ìta. Kí ẹ wá wo abọ́ wa, kí ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí òyìnbó pé Ghana mọ́ jù wá lọ, nílé tèmi?"

Mo jókòó sórí àpótí náà.

Mama Ngozi ń wo èmi, ó ń wo ọ̀rẹ́ rẹ̀. "O ní kí n má jẹ́ kí nǹkan wọ inú rẹ̀, n kò jẹ́. Èyí tó ti òkè wá, ṣé èmi ni mo fẹ́ dá a dúró? Ta ni mo fẹ́ máa fọ̀ ọ́ fún?"

Mo gba ọ̀nà Trans-Ekulu lọ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ìyàwó ẹnjiníà fi ìgbéraga fi hàn mí pé aṣọ léèsì tí òun fi ọwọ́ ara òun hun ni òun fi ń bo ti àwọn, kí eruku má baà yọ ọ́ lẹ́nu. Agùnbánirọ̀ Ngwo ní tirẹ̀ sọ pé ọyẹ́ ti pọ̀ jù níta, òun bá gbé e sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. "Mo tọ́jú ẹ̀ dáadáa, àǹtí," ló wí. Ọlọ́run ló kó mi yọ, ǹ bá ti lù ú.

Nígbà tí mo ròyìn fún Bàbá, ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dá ẹ̀rín náà dúró. Nígbà tó wá rọlẹ̀, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó wo Màmá.

"Ìyá Ṣadé, abọ́ kọ́ ló dá mi lóhùn, ọṣẹ ni."

Màmá fi gèlè bo ojú. N kò tíì rí i kó sunkún rí.

*Ọ̀gá dé*

A tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Lọ́tẹ̀ yìí, mo kọ́ wọn bí ẹni ń kọ́ ọmọ jẹ́léósinmi. Màmá Ṣadé ò fọwọ́ kan tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbà kó kúrò lójú òun. Ó gbé àpótí lọ sẹ́bàá rẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń ṣa ìrẹsì, ibẹ̀ ló ti ń lẹ aṣọ. Ọjọ́ kan mo bá a tó tẹjú mọ́ ọn. Omi náà ti ń ṣú.

"Títí, gbogbo èyí ló ń wọ inú Bàbá Ṣadé?"

"Inú gbogbo wa ni, Màmá."

"Tó bá jẹ́ pé ó ṣeé fọ̀ ni, ǹ bá ti fọ̀ ọ́." Àyà ọkọ rẹ̀ ló ń sọ.

Nígbà tí oṣù kejì pé, kò sí ìyàtọ̀ láàárín ti òkè àti ti ìsàlẹ̀. Ti Trans-Ekulu fúyẹ́ díẹ̀, ti Ngwo náà kún. Bí Ọlọ́run yóò ṣe ṣe é, ọ̀gá mi wá láti Ìbàdàn ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an, ó ní òun fẹ́ wo ibi tí mo bá iṣẹ́ dé. Ó jẹ iyán, ó dúpẹ́, ó wá wo àwọn abọ́ náà lórí tábìlì. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Èyí lo fẹ́ kí n gbé síwájú àwọn òyìnbó?"

"Ohun tó já bọ́ níbẹ̀ nìyẹn, sà."

"O ní ti àkọ́kọ́ mọ́ ńkọ́?"

"Wọ́n fọ̀ ọ́ ni, sà."

Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹnikẹ́ni ń bọ̀. "Ta ló mọ̀ pé wọ́n fọ̀ ọ́?"

Ẹ̀yin ará ilé, gbogbo ohun tí mo ti rí ní Enugu, ìyẹn ló yà mí lẹ́nu jù. Ìyá tí kò kàwé fọ abọ́ nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ ọ, mo lóye rẹ̀. Ọ̀gá tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi abọ́ wọn eruku ńkọ́? Ó ní ọ̀rọ̀ orílẹ̀-èdè ni, ó ní ṣé mo fẹ́ kí Ghana fi wá ṣe ẹlẹ́yà. Ọ̀rọ̀ kan náà tí wọ́n sọ lẹ́yìn ìsìn!

Bàbá wà ní ìjókòó rẹ̀, a ti rò pé ó ń tòògbé. "Ọ̀gá, ẹ bi mí léèrè ta ló mọ̀," ló wí. "Àyà mi mọ̀."

"Ẹ má bínú, Bàbá. Orílẹ̀-èdè ni mo ń rò."

"Èmi náà wà nínú ẹ̀, sà."

Màmá ti dìde. Ó dúró síwájú tábìlì, ó na apá méjèèjì. "Ẹni tó bá fọwọ́ kan abọ́ yìí lónìí, èmi àti onítọ̀hún ni."

Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín ẹ̀rín tí kò dé ojú, ó ní a óò sọ ọ́ ní Ìbàdàn. Kí ọkọ̀ rẹ̀ tó dé Ìbàdàn, mo ti fi èsì kejì ránṣẹ́ sí òkè òkun. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n tò wá sí, ẹ ti gbọ́ ọ kí n tó dé, àwọn kan nínú yín ti bú mi nítorí rẹ̀ pé mo tú àṣírí ilé síta. Ẹ bú mi dáadáa. Kò dùn mí tó ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

*Ọkọ̀ ẹrù*

Bàbá ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Màmá ló di ẹrù, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ràn án lọ́wọ́. Àwọn ará ìjọ wá, wọ́n kọrin, wọ́n sunkún, wọ́n jẹ àkàrà. Èmi náà máa bá wọn wọ ọkọ̀ kan náà dé Ìbàdàn, nítorí náà mo jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, mo ń wo bí Bàbá ṣe ń dágbére fún ìlú tó ti gbé láti èwe rẹ̀. Ó fi Ìgbò dágbére. Kò tètè parí rẹ̀.

Mama Ngozi gbé okpa wá, ó fi aṣọ wé e kó má baà tutù. Màmá Ṣadé di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò fẹ́ fi sílẹ̀.

"Máa bá wa lọ," ló wí. "Ilé náà tóbi. Ìwọ náà rí ohun tó wà nínú abọ́ rẹ."

"Lọ sí ibo?" Mama Ngozi rẹ́rìn-ín. "Ìwọ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Títí ní Ìbàdàn. Èmi, ibí ni Ògbómọ̀ṣọ́ mi. Ibí ni wọ́n sin ọkọ mi sí, ibí ni ìyá mi bí mi sí. Tí ibí bá ti bàjẹ́, ó bàjẹ́ mọ́ mi lára nìyẹn."

Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń ráhùn. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ iye tí iṣu jẹ́ lọ́jà. Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, Mama Ngozi sì ń gbá a lẹ́yìn, òun tí wọ́n ń fi sílẹ̀ ló ń rẹ ẹni tó ń lọ lẹ́kún. Lẹ́yìn náà, ó wá sí ẹnu fèrèsé mi.

"Títí, ìwọ tó mọ̀wé. Orílẹ̀-èdè tó bá gba ipò kìíní nínú ìdánwò yín yìí, tí afẹ́fẹ́ wọn mọ́ jù."

"Ẹn-ẹ́n, Mama?"

"Ṣé wọ́n máa gbà kí irú èmi wá máa gbé lọ́dọ̀ wọn?"

Mo wo ojú rẹ̀ bóyá àwàdà ló ń ṣe. Kì í ṣe àwàdà. Ó dúró, ó ń retí kí n dá a lóhùn, nítorí èmi ni mo gbé abọ́ wá sí ìlú náà. Awakọ̀ ti tẹ iná, Bàbá sì ń wúkọ́ lẹ́yìn mi. Mama Ngozi ṣì dúró lójú ọ̀nà títí a fi yà sí ọ̀nà òkè.